Ìdámẹ́wàá Fún Ẹni Tó Ni Orúkọ: Bí Coco Chanel Ṣe Fi Ọdún 23 Jà Lórí No 5

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ná. Nínú 100, ìdá 70 lọ sọ́wọ́ Pierre Wertheimer àti Paul ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìdá 20 lọ sọ́wọ́ Théophile Bader tí ò ṣe ju pé ó mú wọn mọra lọ, ìdá 10 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fún obìnrin tó ni orúkọ tó wà lára ìgò. Bí wọ́n ṣe pín Parfums Chanel, ilé iṣẹ́ tó ń ta lọ́fínńdà No 5, nìyẹn lọ́dún 1924. Èmi o, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ ìdámẹ́wàá, ọmọ ìjọ ló sì ń san án, mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ka ìdámẹ́wàá lé onílé lọ́wọ́ kí àlejò wá di mẹ́sàn-án tó kù sápò. Ṣùgbọ́n Coco Chanel fúnra ẹ̀ ló mú kálàmù tó fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí i, ọdún 23 gbáko ló sì fi jà láti tún ohun tó kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn kọ. Ìjà yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí gbogbo ẹni tó bá ń sọ ìtàn lọ́fínńdà yìí, ọ̀rọ̀ Marilyn Monroe, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà yẹn, ni wọ́n máa ń sáré lọ bá, wọ́n á wá fo ibi tó lágbára jù, tó sì burú jù.

Gabrielle lorúkọ ẹ̀ gangan, Coco wọ̀ ọ́ lára nígbà tó ń kọrin níbi tí àwọn sọ́jà ti ń mutí. Ọdún 1883 ni wọ́n bí i ní Saumur. Ìyá ẹ̀ tó jẹ́ alágbàfọ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì pé 12, bàbá ẹ̀ tó ń kiri ọjà láti ìlú dé ìlú wá lọ já òun àtàwọn obìnrin tó kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sísítà Kátólíìkì ní Aubazine, kò sì padà wá wò wọ́n. Ibẹ̀ ló ti kọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú. Fìlà obìnrin ló kọ́kọ́ ń tà ní Paris lọ́dún 1910, kó tó di pé ó ń ránṣọ fáwọn olówó, nígbà tó fi máa di 1920 kò sí obìnrin tó gbajúmọ̀ ní Paris tí ò mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní 31 rue Cambon. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kò sóhun tó kórìíra tó kí obìnrin má wẹ̀ kó wá fi lọ́fínńdà bò ó, òórùn ọṣẹ àti ara tó mọ́ ló fẹ́. Ọmọ alágbàfọ̀, tó tún dàgbà sọ́wọ́ àwọn sísítà, kí lẹ fẹ́ kó fẹ́ràn?

Ẹni tó bá a po nǹkan náà ni Ernest Beaux, ọmọ Faransé tí wọ́n bí sí Moscow, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Rallet tó ń po lọ́fínńdà fún ààfin ọba Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjọba Bolshevik, àwọn kọ́múníìsì Rọ́ṣíà, dé, gbogbo ìyẹn fọ́ yángá, Beaux bára ẹ̀ lápá àríwá Rọ́ṣíà pẹ̀lú àwọn sọ́jà tó ń bá Bolshevik jà, lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sí gúúsù Faransé nítòsí Cannes. Dmitri Pavlovich ló mú Chanel mọ̀ ọ́n, ọmọọba ni Dmitri yìí, ìbátan Tsar Nicholas Kejì tó jọba Rọ́ṣíà, ó wà lára àwọn tó pa Rasputin, wòlíì ààfin ọba yẹn, lọ́dún 1916, àsìkò tí mò ń sọ yìí sì rèé, òun àti Chanel ń fẹ́ra wọn. Ẹ ò rí i pé ilé ọba Rọ́ṣíà tó jó ló jẹ́ ká rí No 5. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ẹwà ọ̀hún kàn lọ bọ́ sí Paris ni.

Lásìkò yẹn, lọ́fínńdà obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí, òdòdó kan ṣoṣo ló máa ń rùn, róòsì ni tàbí violet, èyí tó bá ń rùn bíi musk àti jasmine tó wúwo, obìnrin ilé ìtura ni wọ́n á ní ó ń lò ó. Chanel ní òun ò fẹ́ òdòdó kan, òun fẹ́ nǹkan tí wọ́n rán bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ. Beaux kó òdòdó jasmine láti Grasse, ìlú kan ní gúúsù Faransé, jọ, ó kó róòsì oṣù Karùn-ún, ylang-ylang, sandalwood, vanilla, ó wá da àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní aldehyde lé e, kì í ṣe ẹ̀kán méjì mẹ́ta báwọn tó ṣáájú ẹ̀ ṣe ń ṣe o, ó da á gan-an. Ẹni tí ò bá mọ aldehyde, kó ronú aṣọ funfun tó gbẹ sóòrùn tí wọ́n wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀, tàbí ohun tó máa ń ta síni lójú téèyàn bá fún èèpo ọsàn, tàbí èéfín àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún jasmine yẹn ni iṣẹ́ tí ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe fún ẹja díndín, ó ń gbé e sókè kó má baà wọni lọ́rùn. Ìtàn kan wà táwọn èèyàn fẹ́ràn, pé ọmọ iṣẹ́ Beaux ló ṣèèṣì da aldehyde jù, tó wá di iṣẹ́ ìyanu, àmọ́ èmi ò gbà á. Ọkùnrin yìí ti ń lo aldehyde ní Rọ́ṣíà tipẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ míì náà ti lò ó kí 1921 tó dé, Quelques Fleurs ti Houbigant tó jáde ní 1912 wà níbẹ̀. Ohun tí Beaux fúnra ẹ̀ sọ lọ́dún 1946 ni pé àwọn odò àti adágún tóun rí lókè àríwá lọ́hùn-ún lóun ń wá, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ lálẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi ibẹ̀ ṣe ń rùn tútù nini ló wọ òun lọ́kàn. Ẹni tó tinú ogun bọ̀ tó sì jẹ́ pé òórùn omi ló rántí, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Nígbà tó gbé e wá, ọ̀wọ́ méjì ló kó síwájú Chanel, ìgò 1 dé 5 àti ìgò 20 dé 24. Ó gbóòórùn gbogbo ẹ̀, ó mú 5. Beaux bi í pé kí la máa pè é, ó ní ọjọ́ 5 oṣù 5 lòun máa ń pàtẹ aṣọ tuntun, kí wọ́n fi nọ́ńbà tó ti ń jẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á mú oríire wá. Ẹ fi 5 oṣù 5 yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a. Ọdún 1921 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àwọn oníbàárà pàtàkì ló sì kọ́kọ́ fún lọ́fẹ̀ẹ́ bíi pé kò jẹ́ nǹkankan, tí wọ́n bá wá padà wá béèrè ibi tí wọ́n ti lè rà á, á ṣe bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu. Ọlọ́jà gidi ni obìnrin yìí, ẹ má tàn ara yín.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé ọjà náà ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Bader tó dá Galeries Lafayette sílẹ̀, ilé ìtajà ńlá yẹn ní Paris, fẹ́ tà á, àmọ́ ìgò díẹ̀díẹ̀ tí Beaux ń pò ò lè dé ibì kankan. Bader ló wá mú Chanel mọ Pierre Wertheimer, wọ́n ní pápá eré ẹṣin Longchamp ni wọ́n ti pàdé ní 1923. Àwọn Wertheimer ló ni Bourjois, ọ̀kan lára ilé iṣẹ́ àtíkè àti lọ́fínńdà tó tóbi jù ní Faransé, wọ́n ní ilé iṣẹ́, wọ́n ní owó, wọ́n ní ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé Amẹ́ríkà. Chanel ò mú kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ilé aṣọ ẹ̀, ó fẹ́ kí ìyẹn jẹ́ tòun nìkan pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, lọ́fínńdà lójú ẹ̀ ìgbà yẹn, èlé lásán ni, fìlà orí aṣọ. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìdá 10 kóun má sì dá sí wàhálà ẹ̀. Tá a bá máa sọ òótọ́, àdéhùn yẹn ò burú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ tó sì lè pàdánù gbogbo ẹ̀, òun ló yẹ kó kó èyí tó pọ̀. Ti Bader ni kò yé mi, ìdá 20 lórí pé o sọ fún ẹnì kan pé "ẹ bá lágbájá sọ̀rọ̀"? Iṣẹ́ alágbàtà dùn o!

Wọ́n gbé Beaux wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá apolọ́fínńdà fún Parfums Chanel àti fún Bourjois pa pọ̀, òun ló tún po Soir de Paris fún Bourjois lọ́dún 1928, èyí tó wà nínú ìgò búlúù tí owó ẹ̀ ò gani lára, nítorí náà ọwọ́ kan náà ló ń se ọbẹ̀ olówó àti ọbẹ̀ mẹ̀kúnnù. Wọ́n tún ìgò No 5 ṣe ní 1924, èjìká ẹ̀ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ wá ní igun, ìwé funfun, lẹ́tà dúdú, kò sí òdòdó, kò sí ańgẹ́lì, nígbà tó jẹ́ pé ìgò àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dà bí ère ilé ọba. Ọjà wá ń tà. Ó tà débi pé lọ́fínńdà ń pa owó ju aṣọ lọ, ibẹ̀ lojú Chanel ti là. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Pierre tó ti ń bá a rẹ́rìn-ín di olè lẹ́nu ẹ̀. Ó gba lọ́yà, René de Chambrun, ọmọ ilé ńlá tó fẹ́ ọmọ Pierre Laval, olóṣèlú Faransé tó ti ṣe olórí ìjọba, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ré lu ẹjọ́ ní gbogbo àwọn ọdún 1930, wọ́n ní àwọn Wertheimer náà gba lọ́yà kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju Chanel nìkan lọ. Kò rí nǹkankan mú níbẹ̀. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù.

Ogun wá dé. Ní 1939 ó ti ilé aṣọ pa, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà nìkan ló ṣẹ́ kù ní rue Cambon. Oṣù Kẹfà 1940 àwọn sọ́jà Jámánì wọ Paris. Júù ni àwọn Wertheimer, wọ́n ti sá kúrò, New York ni wọ́n forí lé. Chanel wà ní Ritz, òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọ̀gá Jámánì gbà ṣe ilé, òun àti Hans Günther von Dincklage tó ń ṣiṣẹ́ amí fún Jámánì sì jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́. Òfin ti jáde pé Júù ò gbọdọ̀ ní ilé iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n gba gbogbo ẹ̀ kí wọ́n fi lé àwọn tí kì í ṣe Júù lọ́wọ́. Ohun tí lọ́yà ò rí gbà fún un látọdún yìí wá, òfin burúkú yìí wá dà bíi pé ó gbé e ka orí tábìlì fún un.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1941, Chanel kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ohun ìní àwọn Júù. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. 5 oṣù 5, ọjọ́ oríire ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé dúkìá àwọn Júù ṣì ni Parfums Chanel, pé àwọn tó ni ín ti pa á tì lábẹ́ òfin, pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn, pé èrè tóun ti ń rí látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ò tó nǹkan rárá sí iṣẹ́ tóun ṣe, kí wọ́n bá òun tún ìyà ọdún 17 ṣe díẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn, wọ́n á ní gbogbo èèyàn ló ń wá bí wọ́n á ṣe là á já nígbà ogun, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ okòwò lásán ni. Rárá o. Ó mọ ibi táwọn tí wọ́n ń gba dúkìá wọn ń lọ tàbí kò mọ̀ ọ́n, ohun tó dájú ni pé ó mọ̀ pé wọn ò lè padà wá sí Paris wá rojọ́ tiwọn, ìyẹn gan-an ló sì fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó wà níwájú adájọ́ tó ní "olùjẹ́jọ́ ò yọjú" tó sì mọ̀ pé tó bá yọjú wọ́n á pa á, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Àmọ́ ṣá, ẹni tó bá Wertheimer ta ayò gbọ́dọ̀ ka ọmọ ayò dáadáa. Kí àwọn ará ilé náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti fi ilé iṣẹ́ náà sórúkọ Félix Amiot, ọmọ Faransé tí kì í ṣe Júù, tó ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú, táwọn Wertheimer ti fowó sílé iṣẹ́ ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ṣí ìwé, orúkọ Amiot ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ará Jámánì sì nílò ẹni tó mọ ọkọ̀ òfúrufú ṣe, wọn ò fẹ́ bá a fa wàhálà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ Júù, ó parí. Lẹ́tà Chanel di ìwé lásán. Lẹ́yìn ogun, Amiot dá gbogbo ẹ̀ padà fún wọn. Ọkọ̀ òfúrufú tó ṣe fún Jámánì dá wàhálà tiẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà o, kì í ṣe ẹni mímọ́, àmọ́ lórí èyí ó mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ.

Ní gbogbo ìgbà yẹn àwọn Wertheimer ò jókòó ní New York máa ká ọwọ́ gbera. Wọ́n rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gregory Thomas padà sí Faransé tí ogun ti gbà, kó lọ gbé fọ́múlà jáde kó sì wá jasmine Grasse wá, torí kò sí jasmine míì tó ń rùn bíi tibẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a kí oòrùn tó gbóná, wọ́n sì ní nǹkan bí 1,000 òdòdó jasmine ló ń wọnú ìgò extrait (èyí tó ki jù nínú lọ́fínńdà) 30 mílílítà kan ṣoṣo, ẹni bá gbàgbé ìyẹn ò ní mọ ìdí téèyàn fi máa fi ẹ̀mí wéwu torí òdòdó. Ọkùnrin náà rí i gbé jáde, wọ́n wá ń po No 5 ní Hoboken, New Jersey, nígbà tí àwọn lọ́fínńdà Faransé tó kù ti wọ́n bí ojú. Wọ́n ń tà á fáwọn sọ́jà Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dá Paris nídè ní oṣù Kẹjọ 1944, àwọn sọ́jà yẹn wá tò ní rue Cambon láti gba ìgò lọ fún ìyá àtìyàwó wọn nílé, kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé obìnrin tó ni orúkọ yẹn ń wá ọ̀nà tó máa gbà bọ́. Àwọn jagunjagun Faransé tó ń bá Jámánì jà mú un, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n tú u sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló gbà pé Churchill ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ba ibì kan sọ̀rọ̀. Ó kó lọ sí Switzerland.

Ẹ máa rò pé ó ti gbà. Kò gbà o! Ní Switzerland ó bẹ̀rẹ̀ sí í po lọ́fínńdà tiẹ̀, ó fi ìwé pupa lé e lára, ó pè é ní Mademoiselle Chanel, ó ń pariwo pé èyí tí wọ́n pò ní New Jersey kò dára tó tòótọ́, ó sì fi ìgò ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀ wò. Èyí ló ká wọn lára. Ṣé ẹ rí i, fún ọdún 20 ó ti ń bá wọn jà nínú kóòtù pẹ̀lú ìwé tí òun fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí, kò jámọ́ nǹkankan, ọjọ́ tó padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tó gbé ìgò jáde ni wọ́n tó dìde jókòó dáadáa. Pierre ní ìṣòro kan tí kò ṣe é sọ síta. Ó lè gbé e lọ sí kóòtù, á jàre, lẹ́tà 1941 yẹn á sì jáde, àti Dincklage, àti Ritz, ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà lára ìgò tó ń tà? Tó bá fi ọ̀dà kun Chanel, ọjà ara ẹ̀ ló kùn. Bó o fẹ́ bó o kọ̀, ẹni tó hùwà sí ọ yẹn ni ọjà rẹ.

Wọ́n bá jókòó ní 1947, lọ́yà pẹ̀lú lọ́yà. Wọ́n san owó gidi kan fún un lórí ohun tí wọ́n ti tà nígbà ogun, wọ́n sì gbà pé látìgbà náà lọ òun á máa gba ìdá 2 nínú 100 lórí gbogbo No 5 tí wọ́n bá tà níbikíbi láyé. Ìdá 2 lórí gbogbo títà, kì í ṣe ìdá 10 lórí èrè tí ẹlòmíì ti gbọ̀n kù, ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Ó máa tó pé 64 lọ́dún yẹn. Owó tó ń wọlé fún un láti ibẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó lówó jù lágbàáyé.

Ibi tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ló kàn. Ó sọ ní 1953 pé ijókòó sú òun, òun fẹ́ padà sídìí aṣọ, ta ló sì gbówó kalẹ̀ fún un? Pierre Wertheimer kan náà. Ó pàtẹ aṣọ lọ́jọ́ 5 oṣù Kejì 1954 (5 tún ni!), àwọn oníròyìn Faransé fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ ẹ. Owó tó wọlé ò tó, Pierre ò yọwọ́, wọ́n tún ṣe àdéhùn míì, pé ìdílé Wertheimer á ra ilé aṣọ náà tòun ti orúkọ, wọ́n á sì máa san gbogbo ìnáwó Chanel títí tó fi máa kú, owó yàrá ní Ritz, owó orí, wọ́n ní títí kan sítáǹbù lẹ́tà. Ilé aṣọ tó tìtorí ẹ̀ gba ìdámẹ́wàá ní 1924 kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, òun fúnra ẹ̀ ló tún gbé e fún wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ kankan wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn kan ní Pierre ò lè bínú sí i pẹ́. Èmi rò pé àwọn méjèèjì mọ iye tí ẹnì kejì wọn tó ni.

Ọ̀rọ̀ Marilyn tí mo ní wọ́n máa ń sáré bá, ọdún 1952 ló ti wà nínú ìwé ìròyìn pé No 5 ló fi ń sùn, wọn ò san kọ́bọ̀ fún un fún ìyẹn. Ọjà náà ò tíì sinmi látìgbà yẹn. Èyí tó wà nínú ìgò lónìí kì í ṣe èyí tí obìnrin 1921 lò gẹ́lẹ́ o, àwọn musk tí wọ́n fi ń pò ó láyé ọjọ́un, òfin ti lé púpọ̀ nínú wọn jáde, wọn ò sì mú civet lára ẹranko mọ́, ìdí nìyẹn táwọn tó ń kó ìgò àtijọ́ jọ fi máa ń náwó lórí èyí tí ìyá àgbà ẹnì kan gbàgbé sínú àpótí. Pierre kú ní 1965. Ọmọ ọmọ ẹ̀ méjì, Alain àti Gérard, ló ni gbogbo ẹ̀ lónìí.

Chanel kú ní Ritz lọ́jọ́ 10 oṣù Kìíní 1971, ẹni ọdún 87. Títí tó fi dópin, ó ń sọdá títì láti Ritz lọ síbi iṣẹ́ ní rue Cambon, wọ́n ní tó bá ti jáde báyìí, ẹnì kan ní òtẹ́ẹ̀lì á ta ṣọ́ọ̀bù lólobó, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sáré fín No 5 sí àtẹ̀gùn kó lè máa gbóòórùn ara ẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Wertheimer ló ń sanwó lọ́fínńdà yẹn náà.